Dítò Kì í Ṣe Òdo

Mo mọ dítò kí n tó mọ Excel. Lọ́dún 1994, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ táípúráítà ní Ìkàrẹ́, ìwé lẹ́jà àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n sábà máa ń gbé wá bá wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò kọ orúkọ àdúgbò, bíi “Ìwárò”, sí ìlà kìíní, yóò wá máa fa àmì kékeré méjì, ìyẹn dítò, sábẹ́ rẹ̀ títí ojú ìwé yóò fi kún. Èyí tí ọwọ́ bá ń ro nínú wọn kì í tilẹ̀ fa àmì kankan. Á fi àyè sílẹ̀ lófìfo, torí ẹni tó bá ń kà á ti mọ̀ pé ti òkè ló ń bá bọ̀. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká tẹ dítò. Gbogbo ìlà la gbọ́dọ̀ tẹ “Ìwárò” sí. Ó ní ìlà kan lè bọ́ kúrò lára èkejì lọ́jọ́ kan. Mo rò pé ìyà ló fẹ́ fi jẹ wá.

Ọ̀kà níbí ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti wá yé mi, lẹ́yìn tí mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù tèmi. Ẹgbẹ́ oníkòkó kan gbé orúkọ tó lé ní 300 wá. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé: Ayégúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òfìfo jàn-ánràn-jan-anran lábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé wọn ní, “Bọ̀dá, ẹ bá wa tò ó ní a-b-d.” Mo tò ó, mo sì fi pamọ́. Ìgbà tí a máa wò ó, ẹni tó wà lókè kálukú ti yí padà. Ará Ayégúnlẹ̀ ti di ará Ìwárò. Òru méjì ni mo fi tún un tẹ̀ láti inú ìwé, epo tí jẹnẹrétọ̀ jẹ sì ju owó iṣẹ́ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá ló kọ́ mi ní ọ̀nà tí mo fi ń dí irú òfìfo bẹ́ẹ̀ nínú Excel dòní. Mú òpó àdúgbò náà, tẹ F5, lọ sí Special, yan Blanks. Gbogbo òfìfo á tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ àmì =, tẹ ọfà tó kọjú sókè, kí o wá tẹ Ctrl àti Enter pọ̀. Kálukú á mú ti òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, dà á kọ, kí o sì lẹ̀ ẹ́ padà ní Values nìkan. Ẹni tó bá fo èyí tó gbẹ̀yìn, tó wá tò ó, ẹkún tèmi ni yóò sun.

Àdúgbò gba bẹ́ẹ̀. Owó kò gbà á. Bí ẹni mẹ́ta bá dá ₦2,000 kálukú, tí àyè ẹnì kẹrin ṣófo, Excel á ní ₦2,000 ni ìpíndọ́gba, torí kì í ka òfìfo. Kọ òdo síbẹ̀, ó di ₦1,500. Ṣé ẹni náà kò dá owó ni, àbí akọ̀wé kò sí nílé lọ́jọ́ tó gbé e wá? Èmi kọ́ ni mo máa dáhùn.

Ọjọ́ ìbí ló tún burú jù. Àwọn tó wọ iléèwé lọ́dún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dọ̀fẹ́, ọwọ́ ni wọ́n gbé gba orí kọjá láti fi kan etí kejì kí olùkọ́ tó gbà wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Àwọn oníbàárà á ní kí n sáà kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí gbogbo rẹ̀. N kì í kọ ọ́. Mo máa ń fi àyè náà sílẹ̀, màá wá kọ “a kò mọ̀” sí òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oníbàárà méjì ti tìtorí ẹ̀ gbé iṣẹ́ lọ síbòmíràn.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń gbé lẹ́jà bọ̀ sọ́dọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé tó kọ ọ́ bá yín wá.