Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé alùpùpù tó fi ń gbé ẹrù lọ fún àwọn oníbàárà wá bá mi ní Ìdí-Àràbà. Táyà tòkúnbọ̀ kan tó fẹ̀ gbàgàdà ló so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, bí mo bá fi èyí sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò sí kòtò tó máa gbọ̀n mí mọ́." Mo ní kó fara balẹ̀ ná.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà ní orúnkún mi òsì. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akọ̀ròyìn, ọ̀kadà ni mo fi ń sáré kí ìròyìn má baà tutù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, ọlọ́kadà tó gbé mi tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ iwájú yọ̀, a sì bá ara wa nílẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo wo táyà méjèèjì: tuntun ni ti ẹ̀yìn, ti iwájú sì pá bí igbá. Ọlọ́kadà náà ní ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òun ló sì yẹ kí a náwó lé. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ló sọ. Ẹsẹ̀ iwájú ni a fi ń darí, bí a bá sì tẹ búréèkì, iwájú ni ìwúwo máa ń rọ́ lọ.

Mo ní kí ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Ó kà á: 3.00-17. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, ìkejì ni ìwọ̀n rímù, íǹṣì sì ni wọ́n fi wọn méjèèjì. Bí a bá fi agbára ki táyà tó fẹ̀ jù sínú rímù tóóró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fún wọlé, àárín rẹ̀ á yọ gọngọ, alùpùpù á sì máa lọ́ra láti yà. Ó tún lè máa ha ṣéènì. Ẹni tó bá fẹ́ kí alùpùpù òun gbọ́ràn, kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwọn sípóòkù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè mọ èyí tó dẹ̀. Kí ó yí ẹsẹ̀ náà wò bóyá rímù ti wọ́. Kí ó sì wọn afẹ́fẹ́ nígbà tí táyà kò tíì gbóná.

Lẹ́yìn náà, a wá nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń parí àkọlé DOT lára táyà tòkúnbọ̀ náà. 4411 ni a rí: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógójì ọdún 2011. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Ìlà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là wẹ́wẹ́.

Ìjọba Èkó ti ṣòfin púpọ̀ lórí alùpùpù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Okúdù 2022, wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè wà lára wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún kan náà, ó kan Mùṣin. Síbẹ̀, àwọn tó ń gbé ẹrù ṣì wà lójú títì. A ń jiyàn lórí ẹni tó lè gun alùpùpù, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí a jiyàn lórí ohun tó fi ń tẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ méjì yìí ni ọmọ wa gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé.

Ọmọ náà bínú lọ, nítorí ẹni tó ta táyà fún un kì í gba ọjà padà. Ní ọjọ́ Ajé, ó pè mí láti Ládípọ̀: "Bọ̀dá mi, 3.00-17 ni mo mú, tuntun ni. Ẹ jẹ́ kí n ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn fún yín."

Mo ní kó ka ti iwájú náà.