Kò sẹ́ni tó fún ọmọ ewúrẹ́ mi ní májèlé, kíndìnrín ni

Ìtìjú wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi, àmọ́ ó lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́.

Bàrígà ni mò ń gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bàrígà àti Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń sin ewúrẹ́, àwọn kúkúrú wa yìí. Láàárọ̀ wọ́n á jáde, wọ́n á jẹ èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á tún jẹ bébà tí àwọn atẹ̀wé dà nù, nírọ̀lẹ́ wọ́n á padà wálé. Ewúrẹ́ méjì àti òbúkọ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bímọ, mi ò ta àwọn abo, kí wọ́n lè pọ̀. Mi ò sì pààrọ̀ òbúkọ. Mo ní kí ni mo fẹ́ náwó ra òmíì sí, nígbà tí eléyìí ń ṣiṣẹ́?

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òbúkọ yẹn bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Àwọn méjèèjì dìde, wọ́n mu ọmú, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, akọ ò fẹ́ mu ọmú mọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó dùbúlẹ̀, ikùn ẹ̀ wú, ẹnu ẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀. Mi ò sì rí i kó tọ̀ rí. Mo sáré ra abẹ́rẹ́ gentamicin, mo gún un fúnra mi. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Màmá kan wà tí wọ́n ń yan ẹja níwájú ilé wa. Àwọn ewúrẹ́ mi ti da agbọ̀n wọn nù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti bínú sí mi gan-an. Bí mo ṣe lọ bá wọn nìyẹn, lójú gbogbo àdúgbò. Mo ní, "Màmá, ẹ ti fún ẹran mi ní májèlé." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tí kò tíì jẹ koríko, kí ni mo fẹ́ fún un jẹ?" Mi ò gbọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká gbé òkú ẹran náà lọ bá dókítà ẹran. Dókítà là á níwájú mi. Kíndìnrín kan kéré bí ẹ̀wà, èkejì kún fún àpò omi wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja. Ó ní inú oyún ló ti bà jẹ́. Ó wá bi mí, "Ta ni bàbá ẹ̀?" Mo ní òbúkọ mi ni. "Bàbá ìyá ẹ̀ ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò. Òbúkọ kan náà ni.

Dókítà ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyẹn nìkan ló fà á, torí àìsàn ìyá tàbí ohun tó jẹ nígbà oyún náà lè fa irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bàbá bá ń gun ọmọ ẹ̀, àbùkù tó sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé máa ń jáde síta.

Mo bi í pé kí ló dé tí ara ọmọ náà fi le nígbà tí wọ́n bí i. Ó ní nínú oyún, ara ìyá ló ń bá ọmọ fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, ó ń gba inú ibi kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé ìwọ́ ni kíndìnrín ọmọ fúnra ẹ̀ tó gba iṣẹ́. Tí kò bá lè ṣe é, ìdọ̀tí á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọmọ á dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń jọ májèlé.

Ohun tí mo kọ́ rèé:

1. Ẹ máa wò ó bóyá ọmọ ẹran tuntun ń tọ̀. Ó yẹ kó tọ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹṣin, akọ ọmọ ẹṣin máa ń kọ́kọ́ tọ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 6, abo lè tó wákàtí 11. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà.

2. Tí ìdodo bá ń tutù ṣáá, tí omi ń jáde níbẹ̀, ìtọ̀ lè ni. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà nínú oyún ni kò tíì dí. Ìyẹn ní ìtọ́jú, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ fi iodine pa ìdodo gbogbo ọmọ tuntun.

3. Ẹ rí i pé ọmọ mu wàrà àkọ́kọ́ tó ki, láàárín wákàtí mélòó kan tí wọ́n bí i.

4. Ẹ má dédé gún ọmọ tuntun ní gentamicin. Kíndìnrín ló ń gbé e jáde lára, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá tí omi bá ti gbẹ lára ọmọ. Èmi ni mo fi kún ìyà ẹran mi.

5. Kí àwọn abo tí òbúkọ bí tó dàgbà tó gígùn, ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó jìnnà sí yín. Ẹ ya àwọn akọ kéékèèké sọ́tọ̀ tí wọ́n bá ti pé oṣù mẹ́ta, wọ́n lè gun ìyá wọn.

6. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹran tó ní kíndìnrín kan péré tó dáa lè dàgbà, kó sì bímọ. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé irú ẹ̀ wà nínú ìdílé ẹran kan, ẹ má tà á fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ìyá ẹran.

Mo ti ta òbúkọ yẹn fún alápatà. Abo ìbejì yẹn ṣì wà, mi ò sì ní jẹ́ kó gbọmọ.

Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ màmá yẹn. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, wá jẹ ẹja." Ní báyìí, "Ẹ káàárọ̀" nìkan ni. Ewúrẹ́ á tún bí òmíì o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe dókítà kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀tá.