Ipele Wo Ló Yẹ Bàbá?

Ọ̀rọ̀ géèmù la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. A mọ̀ pé àwọn àgbà inú yín máa ní kí ló kàn wá pẹ̀lú ohun tí àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí géèmù fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ àti Bàbá wa.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ Bàbá wa sójú, ẹ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tí òwò gbé dé Jos. Aṣọ ni wọ́n ń tà nínú ọjà Terminus títí iná fi jó ọjà náà ní oṣù kejì ọdún 2002. Ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n ní ló jóná pẹ̀lú gbogbo ọjà inú rẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì kan létí títì. Gbogbo ìgbà yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìdí ayò ni ẹ máa bá wọn. Ọ̀ta ni wọ́n. Àwọn èèyàn ń wá láti Bùkúrù wá bá wọn ta, wọn a sì padà sílé láìsọ̀rọ̀.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló mú. Ẹnu wọn kò yọ́, ọpọlọ wọn sì pé, a dúpẹ́. Dókítà ní ká wá ohun tí wọ́n á máa fi ọwọ́ àti ọpọlọ ṣe. Ayò la kọ́kọ́ gbé jáde. Kò dára rárá. Ọmọ ayò ń já bọ́ láàárín ìka wọn, àlejò ń bá wọn ṣà á nílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń nà tẹ́lẹ̀ wá ń sọ pé, “Bàbá, ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbin ín.” Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní ká gbé ọpọ́n náà padà sínú yàrá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tó wà ní yunifásítì, ló mú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Ó ń ta géèmù kan tó ń jẹ́ Age of Empires III. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn tó ṣe géèmù yẹn fi Hausa àti Ethiopia kún àwọn orílẹ̀-èdè tí èèyàn lè darí. Bàbá wà lórí ìjókòó wọn, wọ́n gbọ́ Hausa nínú láptọ́ọ̀pù. Wọ́n ní, “Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?” Ọmọ náà ní àwọn òṣìṣẹ́ òun ni. Bí ẹ bá rí Bàbá lọ́jọ́ náà! Ẹni tó ti fi Hausa ná ọjà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ inú géèmù lóhùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Yorùbá náà wà níbẹ̀, pé wọn kò fi wá ṣe orílẹ̀-èdè tí èèyàn lè darí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́ ibùdó òwò sí àgọ́ wọn, wọ́n á bá yín ṣe, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. “Níbẹ̀ náà, òwò la bá lọ?”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Màmá wa kò fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni kò ti fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos nígbà náà mọ ìdí. Nítorí náà, a pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ogun bá ti bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé géèmù náà kì í dúró de èèyàn. Bí ẹ ṣe ń kó oúnjẹ àti igi jọ, tí ẹ ń kọ́ ilé, ni ọ̀tá náà ń ṣe tirẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ló ni ọjọ́ náà. Moderate ni ọmọ náà fi wọ́n sí. Kí Bàbá tó fi ọwọ́ òsì gbé ilé kẹta kalẹ̀, ọmọ ogun ti dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀karùn-ún. A rí ojú wọn, àánú ṣe wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan a sọ fún ọmọ náà pé kó yí i sí Easy, kó má sọ fún wọn.

Bàbá borí! A pàtẹ́wọ́. A pe ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná. A ya fídíò. Wọ́n tún borí lọ́jọ́ kejì, àti ọjọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n borí, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wo ojú láptọ́ọ̀pù. Wọ́n wá ní, “Ẹni yìí kò fẹ́ jà. Ó ní ọmọ ogun, kò rán wọn níṣẹ́.” Wọ́n kọjú sí ọmọ ọmọ wọn: “Kí lẹ ṣe fún un?” Ọmọ náà kò lè purọ́ fún bàbá àgbà. Ó jẹ́wọ́.

Wọn kò pariwo. Ìbá sàn ká ní wọ́n pariwo. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ọwọ́ mi ló kú, orí mi kò kú. Ṣé mo ti wá di ọ̀pẹ̀ lójú yín ni?” Wọn kò bá wa jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kò wo ibi tí láptọ́ọ̀pù náà wà. Wọn kò ṣe eré ọwọ́ tí dókítà ní kí wọ́n máa ṣe mọ́. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà wá.

Àwa ọmọ ń bá ara wa jà nínú ilé. Ẹnì kan ní ká fi ọ̀rọ̀ géèmù sílẹ̀ jàre. Ẹnì kan ní ká kúkú gbé e sí ipele tó le jù, kí Bàbá lè mọ̀ pé a kò fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ọmọ yunifásítì yẹn ló là wá lóye. Ó ṣí géèmù mìíràn, Civilization VI, ó fi ipele mẹ́jọ hàn wá: Settler, Chieftain, Warlord, Prince, King, Emperor, Immortal, Deity. Ẹ wò ó, èyí tó rọrùn jù ni Settler. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní settler rí ní Jos yìí mọ̀ pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ní Prince, tó jẹ́ ìkẹrin, ni ibi tí kò sẹ́ni tí wọ́n bù kún fún, ì báà jẹ́ ìwọ, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Lókè rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni. Ní Deity, àwọn tó máa tẹ ìlú dó fún ọ̀tá rẹ á jẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀, tìrẹ á jẹ́ ẹyọ kan. Ó yà wá lẹ́nu. A ti rò pé bí ipele bá ṣe ń ga sí i ni ọgbọ́n ọ̀tá ń pọ̀ sí i. Àṣé ọgbọ́n kan náà ni, àǹfààní ni wọ́n kàn fi kún un. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ń bá ẹni tó ní tábìlì kan díje. Bàbá wa ti ta irú géèmù yẹn láti 2002, kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà rántí bí Bàbá ṣe kọ́ wa ní ayò. Wọn kò fi ara wọn ṣe ọ̀pẹ̀ fún wa rí. Wọn kò jẹ́ ká jẹ wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, àní nígbà tí àbúrò wa ń sunkún. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n ń dúró. Bí o bá fẹ́ gbé ihò tí kò dára, wọn a ní, “Tún un wò.” O lè fi odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka ọmọ ayò, wọn kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, wọn a nà ọ́ dáadáa.

Àwa wá rí ibi tí a ti ṣìṣe. Ọwọ́ Bàbá ló ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, a wá lọ gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ọ̀tá wọn. Nínú Age of Empires III gan-an, a lè dín eré sísá rẹ̀ kù láìfọwọ́ kan ipele, a kò kàn mọ̀ ni. Civilization VI tilẹ̀ sàn jù fún wọn, torí bíi ayò ni: o ta tìrẹ, òun náà ta tirẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ sùn kí o tó ta, á dúró dè ọ́.

A lọ dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀. Bàbá gbọ́ gbogbo àlàyé. Wọ́n ní, “Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan ipele náà, kí n fojú ara mi rí i.” Ọmọ náà ṣí i. Wọ́n ní kó ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún wọn, kó sì sọ ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ Prince fúnra wọn.

Mansa Musa ti ilẹ̀ Mali ni wọ́n mú, ọba tó lọ sí Mẹ́kà ní 1324 pẹ̀lú wúrà rẹpẹtẹ. Ọdún 2019 ni wọ́n fi í kún géèmù yẹn. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í yá ní Mali, ṣùgbọ́n owó wà: ibi ìwakùsà ń mú wúrà wọlé, oníṣòwò ń jèrè láti inú aṣálẹ̀, bí o bá sì kọ́ ọjà wọn tí wọ́n ń pè ní Suguba, o máa fi ìdá kan nínú márùn-ún dín owó ohun tí o bá rà níbẹ̀. Bàbá ní, “Ará ọjà ni ọkùnrin yìí.” Inú Màmá dùn nígbà tó gbọ́ pé èèyàn lè fi ìmọ̀, àṣà tàbí ẹ̀sìn borí, pé kì í ṣe dandan kéèyàn pa ìlú ẹlòmíràn run.

Wọ́n kọ́kọ́ pàdánù. Wọ́n tún pàdánù. Ṣùgbọ́n nídìí oúnjẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀: “Ìlú mi kejì ni mo fi sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Gbogbo owó ni mo kó sórí ràkúnmí.” Inú ń bí wọn, irú ìbínú ìdí ayò tí a ti mọ̀ láti kékeré. Ní Moderate ìgbà yẹn, bí a bá bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi pàdánù, wọn a ní àwọn kò mọ̀, nǹkan kàn ń wó lójú àwọn. Bí ọmọ yín tàbí àgbà yín bá ń ta irú géèmù yìí, ìbéèrè yẹn ni kí ẹ bi í, kí ẹ tó fọwọ́ kan ipele. Bí ẹ bá sì máa fọwọ́ kàn án, ẹ sọ fún un o. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò tíì tán nínú wa.

Bí ọmọ náà bá fẹ́ dá sí i, wọn a ní, “Jẹ́ kí n rí i fúnra mi.” Ọwọ́ ọ̀tún ti ń di etí tábìlì mú báyìí. A kò sọ pé géèmù ló wò ó o, eré ọwọ́ tí wọ́n padà sí ló ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n borí ní Prince. Wọn kò ní ká pe ẹnikẹ́ni, a kò sì ya fídíò. Wọ́n bi ọmọ náà ní orúkọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní King ni, àti pé níbẹ̀, wọ́n máa bù díẹ̀ kún ti ọ̀tá.

Bàbá ní, “Èló?”

Ọmọ náà ń ṣí i kó lè ṣírò rẹ̀ fún wọn ni NEPA mú iná lọ.