"Ilé Ń Jókòó Ni"

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan àpò mi kí ó tó kan ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra ilé tuntun kan ní Ìkàrẹ́-Àkókó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kan. Owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa òṣìṣẹ́ ni mo fi kún èyí tí mo ti fi pamọ́. Oṣooṣù ni wọ́n ṣì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, táìlì ń dán, ìyàwó mi sì ti yan yàrá tí ìyá mi yóò máa sùn bí ó bá ti Ọ̀kà wá. Òjò ọdún kejì kò tíì dá tí ògiri yàrá náà fi lanu, láti igun fèrèsé wá sí ìsàlẹ̀, ní ìdagẹ̀rẹ̀. Mo pe agbaṣẹ́ṣe. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ má fòyà, Dókítà. Ilé ń jókòó ni."

Gbólóhùn náà dùn mọ́ mi nínú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó tán a máa sinmi. Bíríkìlà àgbà kan ni ó kọ́ mi bí a ti ń mọ̀: mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ojú lílà náà parí sí, mo kọ ọjọ́ sí i. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, ó ti kọjá àmì. A gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé wò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Àkókó mọ bí àpáta ti pọ̀ tó níbẹ̀. Apá kan ìpìlẹ̀ mi gúnlẹ̀ sórí àpáta, apá kejì wà lórí kòtò tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí. Àpáta kò mì. Yẹ̀pẹ̀ ń rì bí òjò ti ń rin ín. Ìdajì ilé jókòó, ìdajì dúró.

Àwọn àgbà bá wa dá sí i. Agbaṣẹ́ṣe rẹ́ ògiri náà, ó kùn ún. Ó tún lanu. Mo gbé ìwé àdéhùn lọ bá lọ́yà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò ju pé ilẹ̀ ti di tèmi, owó sì ti pé. Kò sí onídùúró fún ilé fúnra rẹ̀. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kí olùrà la ojú rẹ̀ kí ó tó sanwó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ọ̀pọ̀ ilé tuntun ni ó ní ìwé ìdúró ọdún 10, irú èyí tí NHBC ń ṣe: ọdún 2 àkọ́kọ́, kọ́lékọ́lé ni yóò tún àléébù ṣe. Ní ti Faransé, ìwé òfin Napoleon ti 1804 mú kọ́lékọ́lé dúró fún ọdún 10 bí ilé bá bàjẹ́ nítorí àléébù, àní bí àléébù náà bá ti inú ilẹ̀ wá. Àrùn tí ó ń ṣe ilé mi gan-an nìyẹn!

Èdè Lárúbáwá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, àléébù. Nínú òfin Ìsìláàmù, ẹni tí ó mọ àléébù ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, olùrà tí ó bá rí èyí tí a fi pamọ́ sì lè dá ọjà padà. A yá ọ̀rọ̀, a fi òfin sílẹ̀.

Owó mi ni mo fi tún ìpìlẹ̀ ṣe. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ ra ilé tuntun ní Ọ̀kà lọ́dún yìí, mo ní kí ó má san kọ́bọ̀ kí a tó jọ kọ ìwé. A kọ ohun tí àléébù jẹ́: òrùlé tí ó ń jò, páìpù tí ó ń sun omi, ògiri tí ó lanu. A kọ iye ọjọ́ tí olùtà fi gbọ́dọ̀ wá tún un ṣe, àti pé ìdá kan nínú ogún owó ilé yóò wà lọ́wọ́ lọ́yà títí òjò ọdún méjì yóò fi kọjá. Olùtà gba gbogbo rẹ̀ àfi ẹyọ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ilé tí kì í jókòó." Mo ní kí a kọ ọ́ báyìí: ilé lè jókòó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ la ògiri. Ọ̀sán ni a bẹ̀rẹ̀ iyàn náà, ilẹ̀ ṣú kí ó tó buwọ́ lù ú.

Ní ti ìyá mi, wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò nípa ilé alájà 21 tí ó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Mo ṣàlàyé pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga ni tiwọn, pé a ti tún ìpìlẹ̀ tiwa ṣe, pé lílà náà kò rìn mọ́. Wọ́n gbọ́. Pálọ̀ ni wọ́n ṣì ń sùn.