Ọdẹ gbé orí àkàlàmàgbò wọ̀: ẹ bá wa dé Niamey

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni òwò ti gbé dé Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, létí odò ńlá tí àwa ń pè ní Odò Ọya. Ẹni tí ó bá ráyè níbẹ̀, kí ó yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ Boubou Hama pè. Oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni wọ́n ṣí i, kí Niger tó gba òmìnira. Ẹranko wà nínú ọgbà rẹ̀, ọmọdé á dúró, á máa nàka sí wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìgbẹ́, ẹranko wo ni í dúró de ènìyàn? Ọgbọ́n ni ọdẹ fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n ọ̀hún yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Nínú igbó kìjikìji, láti Côte d'Ivoire títí dé Cameroon, ojú kì í ríran jìnnà. Etí ẹran ni ọdẹ ń tàn. Á lúgọ, á fi ìka fún imú, á sì máa ké bí ẹtu tí ewu dé bá. Ẹtu tí ó gbọ́ á yọjú.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Niamey, igi kò pọ̀. Ẹran á ti rí ọdẹ kí ó tó dé ibi tí ọfà lè bà á. Nítorí náà, ojú ẹran ni ọdẹ Hausa ń tàn. Á so orí àkàlàmàgbò mọ́ iwájú orí rẹ̀, á da awọ bo ara, á tẹ̀ ba, á sì máa mi orí bí ẹyẹ tí ń ṣa kòkòrò jẹ. Ẹran tí ó ti mọ ẹyẹ náà níbi ìjẹ kò ní sá. Ìgbà tí ọfà bá wọlé ni yóò mọ̀ pé ẹyẹ kọ́. "Burtu" ni Hausa ń pe àkàlàmàgbò. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá paradà láti ṣe amí, "shigar burtu" ni wọ́n ń pè é.

Kò tán síbẹ̀. Ìdẹ, ọ̀gbẹlẹ̀ àti oko dídá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run àgùnfọn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1996, 49 péré ni ó kù, ní agbègbè Kouré, nǹkan bí 60 kìlómítà sí Niamey. Òfin dáàbò bò wọ́n, àwọn ará abúlé sì gbà kí wọ́n máa jẹ̀ láàárín oko, láìsí ọgbà. Wọ́n ti lé ní 600 báyìí. Àwọn ọmọ agbègbè náà di atọ́nà: ìmọ̀ ipasẹ̀ àti ibi ìjẹ, tí ọdẹ fi ń pa ẹran, ni wọ́n fi ń fi ẹran han àlejò.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn agbébọn tí wọ́n gun alùpùpù pa ènìyàn mẹ́jọ ní Kouré: ará Faransé mẹ́fà, awakọ̀ wọn, àti atọ́nà tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn atọ́nà àgùnfọn. Àgùnfọn yè. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń sún mọ́ wọn láìpa wọ́n ni ìbọn pa.

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń ná Niamey, ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó jáde sẹ́yìn ìlú. Kì í ṣe ọdẹ nìkan ni í lúgọ.