Ahọ́n Awakọ̀ Òfuurufú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àwọn kan ń sọ pé bí ènìyàn bá ti mọ iṣẹ́, èébú ẹnu rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2011, awakọ̀ òfuurufú kan ń bú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò létí ẹnìkejì rẹ̀, lójú òfuurufú Texas ní Amẹ́ríkà. Kò mọ̀ pé bọ́tìnnì rédíò òun ti há, gbogbo ayé sì ń gbọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé, títí ó fi dákẹ́, àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ kò ráyè sọ̀rọ̀ lórí rédíò náà. Bí ọkọ̀ mìíràn bá wà nínú ewu ńkọ́? Iléeṣẹ́ rẹ̀ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ láìsanwó.

Láti ọdún 1981 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí awakọ̀ má sọ ohun tí kò kan iṣẹ́ bí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀. Ẹnu tí kò gba ìjánu ní kíláàsì, ṣé ojú òfuurufú ni yóò ti gbà á? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká tètè kọ́ ahọ́n wa.