Ìràwọ̀ Jòjòló

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ ni mo sì ń kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń dúró níwájú pátákó, tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwo pẹrẹsẹ kan, tí mo ń wí pé, "Báyìí ni ayé wa yìí ṣe bẹ̀rẹ̀."

Ìkùukùu gáàsì àti eruku ni ìyá ìràwọ̀. Bí ìwúwo ara rẹ̀ bá ti ń fà á wọ inú, yíyí díẹ̀ tí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀ a máa yára sí i, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tí ń pòòyì tí ó sì ká apá mọ́ra. Àárín a di ìràwọ̀. Èyí tí yíyí kò jẹ́ kí ó já sí àárín a sì tẹ́ bí àwo yí i ká. Gáàsì ni ó pọ̀ jù nínú àwo náà. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, eruku kò ju nǹkan bí ọ̀nà kan lọ. Ṣùgbọ́n eruku yìí ni yóò lẹ̀ mọ́ra wọn, tí yóò di òkúta, tí yóò di ayé. Kant ti ro irú rẹ̀ ní 1755, Laplace sì sọ tirẹ̀ ní 1796, láìfojú rí àwo kankan.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni mo ti ṣìnà. Mo ní àwo ìràwọ̀ tí kò ju ọmọ mílíọ̀nù kan ọdún lọ yóò dán bọ̀rọ́ ni, kò ní sí àmì ayé kankan nínú rẹ̀. Mo tilẹ̀ yọ máàkì ọmọbìnrin kan tí ó kọ ohun mìíràn sínú ìdánwò.

Ní oṣù kọkànlá 2014, àwòrán HL Tauri dé. Aginjù Atacama ní ilẹ̀ Chile ni wọ́n ti yà á, níbi tí ẹ̀rọ ALMA, tí ó ní àwo ìgbọ́hùn 66, wà lórí òkè tí ó ga tó nǹkan bí 5,000 mítà. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ti rin nǹkan bí 450 ọdún kí ó tó kàn wá, kò sì ju nǹkan bí ọmọ mílíọ̀nù kan ọdún lọ. Síbẹ̀, àwo rẹ̀ kún fún ìlà roboto, ọ̀kan mọ́lẹ̀, ọ̀kan ṣókùnkùn, bí àwo orin tí a ń fi sórí giramafóònù. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní ayé tuntun ni ó ń gbá ojú ọ̀nà wọ̀nyí mọ́. Ọwọ́ mi kò gbé ife tíì mọ́.

Ó sì yẹ kí n ti fura. Ìràwọ̀ ń gbé gáàsì àwo rẹ̀ mì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń lé ìyókù lọ. Kí mílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún tó pé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ti tán. Ayé ńlá bíi Júpítà, tí yóò fi gáàsì bora, gbọ́dọ̀ tètè ra tirẹ̀ kí àwọn alátẹ tó palẹ̀ mọ́.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà. Ó wo àwòrán náà títí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀wọ́, máàkì mi ńkọ́?"

Mo dá a padà. Nígbà tí wọ́n rí ayé kan gan-an nínú àlàfo àwo PDS 70 ní 2018, tí wọ́n sì rí èkejì ní 2019, òun ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi. Ó béèrè bóyá gbogbo ìlà HL Tauri ni ayé là, tàbí yìnyín tí ń yọ́ ló fa òmíràn. A ṣì ń jiyàn rẹ̀.